Etí Ìwé Tí Wọ́n Gé Sọnù

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Nyanya, ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ yí mi ká. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, pé kí n sọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí fún àwọn, kí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kọ́ lè mọ èyí tí yóò mú. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní, "Màmá, èyí tó dùn níbẹ̀ ni kí ẹ sọ fún wa o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí mi, n kò sì ní tìtorí pé ẹ jẹ́ ọmọdé kí n wá purọ́ fún yín. N kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, ti dídùn ti kíkan.

Iṣẹ́ mi ni kí n fi ẹ̀rọ gba iná inú ọpọlọ sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iná wà nínú ọpọlọ gbogbo wa. Ó kéré gan-an, kò lè tan gílóòbù, ṣùgbọ́n ó wà. A ó lẹ àwọn bọ́tìnì fàdákà kéékèèké tó ní wáyà mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ yóò gbé iná náà, yóò sọ ọ́ di ńlá, gègé mẹ́jọ yóò sì máa fi yíǹkì ya á sórí ìwé gígùn tó ń sáré kọjá lábẹ́ wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀ bóyá ẹni náà ń sùn, bóyá ó lajú, bóyá iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bóyá àìsàn wà níbẹ̀. Àwa la máa ń gbà á sílẹ̀. Dókítà ló máa ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Àárín àwa àti dókítà yẹn ni gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, ní ilé ìwòsàn ńlá kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò ní ìtàn nínú: mo jáde ìwé, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù kò tó nǹkan, kò sì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tó kọ́ mi ń jẹ́ Ọ̀gá Láwuyì, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín láàárọ̀, a ó máa bi ara wa léèrè ohun tó ṣe é. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Orí ni mo ń wọ̀n. Téèpù aránṣọ ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ń wọ̀n láti gbòǹgbò imú dé egungun ẹ̀yìn orí, láti etí kan dé èkejì, mo ń pín in, mo ń fi bírò pupa sàmì sí ibi tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan yóò wà. Bí mo bá ṣìnà díẹ̀ báyìí, yóò fi sípíríìtì nu gbogbo rẹ̀ dànù. Yóò ní, "Orí ènìyàn ni, kì í ṣe páànù. Tún un wọ̀n." Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi wo ẹnu àáké náà dáadáa, ó mú, mo sì máa ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Obìnrin tó bá di irun wá, èmi ni mo ń tú u. Ẹni tó bá fi òrí ra orí, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, torí bọ́tìnì kì í gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ òrí. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá Láwuyì kò fi ṣeré rárá ni ààyè funfun tó wà létí ìwé. Ohun yòówù tí ojú rẹ bá rí nígbà tí gègé ń lọ, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ó wúkọ́, ó ṣẹ́jú, ó yíjú, ẹ̀rù ń bà á, kò sùn lánàá. Ó ní ìwé tí wọn kò kọ nǹkan sí etí rẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Ọjọ́ kan, mo gba ti ọkùnrin kan sílẹ̀, àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń ta bí ata inú epo gbígbóná. Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá, inú mi ń dùn, mo ní mo rí wárápá. Ó wo etí ìwé, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní kí n jókòó sórí àga, ó lẹ bọ́tìnì mọ́ èmi náà lórí, ó fún mi ní pákò, ó ní kí n máa rún un. Àwọn gègé bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó ya ìwé náà, ó nà án sí mi.

"Ìwọ náà ní wárápá nìyẹn. Kí ló wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn?"

Mo ronú. Obì ni. Láti ìgbà tó ti jókòó ló ti ń jẹ obì, mo sì ń wò ó.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju ìyẹn lọ. Ó ní kí n wá láìfẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí n máa mí kanlẹ̀ léraléra fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí a ti máa ń ní kí àwọn aláìsàn ṣe láti wò ó bóyá wárápá fara pamọ́ sí wọn lára. Òòyì ń kọ́ mi, ìka ọwọ́ mi ń ṣe mí wìnnìwìnnì. Ìgbì ńláńlá tó ń lọ jẹ́jẹ́ ló kún ìwé náà, irú èyí tí a máa ń rí lára ẹni tó ti sùn lọ tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, ó ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí wákàtí kan kọjá, a tún un ṣe. Kò sí ìgbì kankan mọ́.

Ó ní, "Ẹni tí ebi ń pa, má jẹ́ kó mí báyẹn níwájú ẹ̀rọ. Bí o bá jẹ́ kó ṣe é, ìwọ lo kó àìsàn ràn án." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò kọ́ mi.

Mo lo ogún ọdún ní Ìbàdàn. Ọ̀gá Láwuyì fẹ̀yìn tì, ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi wọ ilé ìwé gíga. Ní 1983, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní ilé ìwádìí kékeré kan ní Garki, ní Abuja. Kàbà ni ìlú mi, Abuja sì sún mọ́ ọn ju Ìbàdàn lọ. Mo kó ẹrù mi, mo gba yàrá méjì ní Nyanya. Nígbà yẹn, eruku pupa àti kiréènì ni Abuja. Ibi yòówù tí o bá kọjú sí, wọ́n ń kọ́ nǹkan.

Ẹni tó ni ìwádìí náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà ni mo máa pè é, oyè yẹn ló kúkú fẹ́ràn jù. Òkè òkun ló ti kàwé, èmi sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó lọ́gbọ́n lórí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí iṣẹ́ ṣe ń wọ ọpọlọ àwọn tó ń wa kiréènì lọ́rùn, nítorí ẹrù ti ń já bọ́ jù ní àwọn ibi ìkọ́lé. Iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan ló ń gbọ́ bùkátà ìwádìí náà. Ìyẹn nìkan ì bá ti la ojú mi.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó gbé awakọ̀ kiréènì jókòó sórí àga tí káfíńtà kàn, tó ní ọ̀pá ìdarí méjì bíi ti kiréènì. Àwọn iná yóò máa tàn níwájú rẹ̀, òun yóò máa fi ọ̀pá lé wọn. A ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ dí i létí, ohùn ìsàlẹ̀ kan yóò máa dún ṣáá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ohùn kan tó lọ sókè yóò dún. Kí ó ka iye ìgbà tí ti òkè dún. Ọpọlọ ènìyàn kì í gbójú fo ohun tó ṣàjèjì, nítorí náà bí ohùn òkè bá ti dún, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọpọlọ yóò ta òkè kékeré kan sókè lórí ìlà náà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú bá ti pọ̀ jù, òkè náà yóò máa kéré sí i, bí obìnrin tó ru omi gun orí òkè kì í ti í lè dáhùn ìkíni dáadáa. Bí òkè náà bá ti pòórá, a mọ̀ pé ọpọlọ yẹn kò ní ààyè kankan mọ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé nínú àpótí igi ni a wá ń rí òkè náà kedere, torí òun ló ń ro ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìdáhùn pọ̀ sójú kan.

Ẹ̀rù ba àwọn awakọ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ náà ń ka ohun tó wà nínú èèyàn. Ọ̀kan láti Ìlọrin ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá rí ìyàwó kejì tí mo fẹ́ fẹ́ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ jáde o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èyí tó dákẹ́ jù nínú wọn ni Ràṣídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé Nyanya pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Ṣàkírà, ọmọbìnrin wọn. Ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni. Bó bá dé, yóò kí mi, yóò bọ́ fìlà, yóò jókòó, kò ní tún sọ nǹkan mìíràn.

Oṣù méje ni a fi ṣe é. Ohun tí ìwé ń sọ kò ní àríyànjiyàn nínú. Láàárọ̀, òkè náà ga lára gbogbo wọn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́, ó ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ní wákàtí kọkànlá, a kì í rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí méjìlá ni iléeṣẹ́ náà ń lò wọ́n lójúmọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí tirẹ̀ ṣì máa ń hàn ní wákàtí kẹwàá ni Ràṣídì. Orí tó le jù nínú gbogbo orí tí mo gbà sílẹ̀ ní Abuja, tirẹ̀ ni.

Àfi bí oṣù ààwẹ̀ ṣe wọlé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹrù kọnkéré já bọ́ lára kiréènì, ó balẹ̀ lórí alágbàṣe kan, ó fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ràṣídì ló wà lórí kiréènì náà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló gùn ún, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ẹrù já. Ẹ fi ìka yín kà á. Wákàtí kọkànlá ni.

Ọ̀nà méjì ló wà fún iléeṣẹ́ náà. Yálà kí wọ́n gbà pé wákàtí iṣẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí wọ́n rí àìsàn kan lára awakọ̀. Ọjọ́ kẹta, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n fi ọkọ̀ gbé Ràṣídì wá fún àyẹ̀wò wárápá.

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbààwẹ̀ o. Kò lè ṣe é ní nǹkan kan, àbí?"

Mo ní kó dúró. Mo lọ bá Dókítà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. "Sà, ọkùnrin yìí ń gbààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣínu ná, tàbí ká ṣe é lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀."

"Kai, Madam! Àwọn people yẹn ló jókòó sínú ọ́fíìsì mi yìí. They want it today."

"Ẹ jẹ́ ká fo ti mímí kanlẹ̀ nígbà náà, sà. Ebi—"

"Madam. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ ṣe é complete."

Mo ní, "Yes, sà."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ iṣẹ́ náà ju Dókítà lọ ní ti ọwọ́ ṣíṣe. Mo mọ ohun tí yóò jáde kí gègé tó fọwọ́ kan ìwé. Mo padà sí yàrá, mo lẹ bọ́tìnì mọ́ orí Ràṣídì, mo ní kó máa mí kanlẹ̀. Ó sì mí. Ó ń gbìyànjú, torí ó rò pé bí òun bá ṣe é dáadáa, òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ìgbì ńláńlá ti kún ìwé. Mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀: "Ààwẹ̀ ló ń gbà. Kò jẹun láti sààrì. Ẹ má lo èyí. Ẹ tún un ṣe."

Ràṣídì bi mí bí mo ti ń nu orí rẹ̀, "Ó dáa, àbí?"

Mo ní, "Ó máa dáa."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà mú bíléèdì. Ó gé ojú ìwé mẹ́ta tí ìgbì náà ti pọ̀ jù, kó lè lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé tí yóò fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gé etí wọn kúrò. Ó ní ìkọkúkọ mi ń ba àwòrán òun jẹ́. Iwájú mi ló ti ṣe é, mo di ìlẹ̀kùn mú, mo ń wò ó. Ó wá kọ ọ́ pé ọpọlọ ọkùnrin náà ń tòògbé lójú iṣẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wárápá. Kò mẹ́nu kan wákàtí kọkànlá. Oṣù méje iṣẹ́ wa, gbogbo òkè tó ń pòórá yẹn, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé Ràṣídì lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Akọ̀wé kan nínú iléeṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ó sì dé Nyanya ṣáájú Ràṣídì fúnra rẹ̀. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ wárápá. Nígbà tí mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, lọ́jọ́ ọdún, wọ́n gbé oúnjẹ sàárà wá ní mọ́ṣáláṣí. Bí ọkọ mi ṣe tọwọ́ bọ abọ́, gbogbo àwọn tó yí i ká yọ ọwọ́ tiwọn. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti ọdún mẹ́fà o! Àwọn aládùúgbò ò fún un ní ife wọn mọ́." Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. "Ṣàkírà náà ń kọ́? Wọ́n ti ránṣẹ́ láti Zuba."

Ṣàkírà ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ Alhaji kan tó ń ta ọsàn ní ọjà Zuba, ará Ìlọrin. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ti mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó fẹ́ ọmọ, wọ́n ṣe ìwádìí ìdílé, wọ́n sì gbọ́ pé ìwé dókítà ló sọ pé bàbá ìyàwó ní wárápá. Alhaji ní àwọn kì í fẹ́yàwó nílé tí ìyẹn bá wà. Ọmọbìnrin náà wà nínú yàrá, kò jáde wá kí mi.

Ràṣídì jókòó lórí ẹní, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kí ni mo fi ṣe ẹ̀rọ yín?"

Mo sọ fún un pé ààwẹ̀ ló fà á, pé àyẹ̀wò náà kò tọ̀nà, kó jẹun kánú, kó wá bá mi ní Sátidé. N kò sọ pé mo ti mọ̀ ṣáájú.

Ó jẹ iyán kó tó wọ bọ́ọ̀sì wá. Dókítà ti rìnrìn àjò. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọn orí, mo lẹ bọ́tìnì, mo jẹ́ kó mí kanlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta pérépéré. Kò sí ìgbì ńlá kankan. Ìwé náà mọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì Dókítà.

Ó wò ó, ó mọ ohun tó ń wò. Ó ní, "Who authorised you? Report ti jáde, Madam. Ẹ fi í sínú cabinet." Ó padà sórí ohun tó ń kọ. Mo ká ìwé náà, mo fi sínú báàgì mi, mo gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìkọ́lé. Wọ́n ní dókítà kò fọwọ́ sí i, wọn kò tilẹ̀ tú u wò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà sì tún ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín: kí òtítọ́ tó bá a, irọ́ ti kọ́lé, ó ti bímọ.

Ibì kan ló kù. Èmi àti Ràṣídì wọ ọkọ̀ lọ sí Zuba. Alhaji jókòó láàárín ọsàn, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ mú. Ó ní kí wọ́n fún wa ní àga. Mo tú ìwé náà sórí agbọ̀n ọsàn, mo ṣàlàyé fún un, ti ebi, ti ààwẹ̀, ti mímí kanlẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó wò mí.

"Ta ló ṣe ti àkọ́kọ́?"

"Èmi ni, Alhaji."

"Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ó ń gbààwẹ̀?"

"Ó sọ fún mi."

"O sì mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, kó tó mí?"

Ràṣídì yíjú sí mi. Mo lè purọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá purọ́, ìwé tó wà nílẹ̀ yẹn náà yóò di irọ́.

"Mo mọ̀, Alhaji."

"Kí ló wá dé tí o ṣe é?"

"Ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é."

Ó ní, "Ẹni tó bá sọ irú èyí nípa ara rẹ̀, kì í ṣe irọ́ ló wá pa fún mi. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ. Ọmọ Ràṣídì, tiwa ni." Ó ká ìwé náà fúnra rẹ̀, ó dá a padà fún mi. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀, obìnrin yìí. Ẹni tí o ṣẹ̀ ló dúró yẹn."

A jáde. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ. Ràṣídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo bi yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní ó máa dáa." Mo ní kó má bínú. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Nyanya dé, ó ní kí n wọlé, òun fúnra rẹ̀ dúró de òmíràn.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Mo gbọ́ pé Alhaji pe Ràṣídì síwájú gbogbo èèyàn, àwọn méjèèjì sì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Wọn kò pè mí, n kò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí iléeṣẹ́ tó jẹ́ kí Ràṣídì gun kiréènì mọ́. Ọsàn ló ń bá àna rẹ̀ tà ní Zuba di òní, ọwọ́ tó lè gbé òkúta dúró lójú afẹ́fẹ́ láì mì. Wákàtí méjìlá kò yí padà. Ọdún kejì, ẹrù mìíràn tún já, ẹni tó balẹ̀ lé lórí kò yè é. Nígbà tí wọ́n gbé awakọ̀ yẹn wá, a ti ní fìlà tí bọ́tìnì ti wà lára rẹ̀, tí wọ́n kàn ń dé mọ́ èèyàn lórí, kò sí pé à ń wọn orí mọ́. Òṣìṣẹ́ tuntun kan ló ṣe é. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wò ó, kò sì sí etí ìwé tí èèyàn lè kọ nǹkan sí. Mo bi wọ́n bóyá awakọ̀ náà ti jẹun. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ tó dára ni, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. N kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó òkè kékeré yẹn tó ń yọ lórí ìlà, tí ọpọlọ ń sọ pé òun gbọ́. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà, ẹ ó kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí wọn kò kọ́ mi, tí mo fẹ́ kí ẹ wá ẹni tí yóò kọ́ yín, ni bí a ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé n kò ṣe.

Wọ́n ṣe àpèjẹ ìdágbére fún mi lóṣù tó kọjá. Dókítà ti di ọ̀gá àgbà pátápátá. Ó dìde, ó yìn mí lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní, "Ọdún méje ni Madam fi bá mi ṣiṣẹ́, kò fìgbà kan bá mi jiyàn. Ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe, ó ti di ṣíṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ló wà lẹ́nu mi. Dókítà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo jókòó, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́.